Kọ̀ǹpútà 40, àṣẹ kan ṣoṣo, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ìbéèrè, láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Kọ̀ǹpútà 40 ni mo ń bójú tó, Debian, irú Linux kan, ló wà lórí gbogbo wọn. Àwọn kan wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn kan wà lọ́dọ̀ wa níbí, mẹ́sàn-án wà ní Ṣábẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn wà. Ọ̀gá mi fẹ́ kí LibreOffice tuntun (ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé) àti gbogbo àtúnṣe ààbò ti wà lórí wọn kí àwọn ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú Ansible, ohun tó ń rán àṣẹ kan náà sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ó ku kí n tẹ Enter lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo fẹ́ fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Mo bi í pé kí ló lè ṣẹlẹ̀, kò rí nǹkan gúnmọ́ sọ. Package (ètò tí a dì pọ̀ fún gbígbé sórí kọ̀ǹpútà) tí Debian fúnra wọn fọwọ́ sí ni, kì í ṣe ohun tí mo ṣà lójú títì. Kí ló wá burú níbẹ̀?

* * *

Má tẹ̀ ẹ́. Ó kéré tán, má tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ, àlàyé ni kò rí ṣe. Tí nǹkan bá dà rú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ta ló máa wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ṣábẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí yóò bá ọ wo ojú kọ̀ǹpútà? Ọlọ́dẹ nìkan ni, ọlọ́dẹ kò sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn.

Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Àwọn kan ní alẹ́ ló dára jù torí pé kò sẹ́ni tó ń lo kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, kéèyàn má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó kù ní kó o fi unattended-upgrades sí i, kó máa ṣe ara rẹ̀, kó o lọ sùn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ tààrà. Àwọn tó ní ká má fọwọ́ kàn án ni mo lòdì sí jù, torí pé kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe ààbò fún ọdún méjì ti di ilé tí a ò tì. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn alẹ́ náà gbàgbé nǹkan kan: iṣẹ́ méjì ló wà nínú àṣẹ kan ṣoṣo tó o fẹ́ tẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ni kí ẹrù débẹ̀. Èkejì ni kí a tú u, kí a tò ó sílé. O lè ṣe ti àkọ́kọ́ lálẹ́. Ti èkejì ń fẹ́ ojú èèyàn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣojú mi.

Alẹ́ kan báyìí, mo jókòó sílé ní Àjàṣẹ́, mo gba ojú SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) wọ inú kọ̀ǹpútà kan ní Kétu, mo ní kó gba kernel tuntun (ọkàn Debian, tó ń darí ẹ̀rọ) pẹ̀lú àwọn firmware kan (ètò inú àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ). Ó gbà á. Mo ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ti kọ `Processing triggers for initramfs-tools`, ó kọ ìlà kan sí i, ni ojú rẹ̀ bá dúró. Mo rò pé ìsopọ̀ ló já. Mo pe olùkọ́ kan tó ń gbé nítòsí. Ó ní iná ló lọ ládùúgbò. Onduleur tó yẹ kó gbé iná dúró fún un, tó wà nídìí kọ̀ǹpútà náà, batiri rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Iná dé, kọ̀ǹpútà tàn, olùkọ́ ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi lórí fóònù lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: `Kernel panic`.

Mo wọ tasí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣakẹ́tẹ́, Pobè, Kétu. Nígbà tí mo dé, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ sóko. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó fojú kan kọ̀ǹpútà yẹn. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo tún un tàn, mo di Shift mú títí menu GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel tó máa tàn, fi yọ, mo wọ `Advanced options`, mo yan kernel àtijọ́, ó tàn. Mo tẹ apt, ètò tí Debian fi ń gba package, ó dá mi lóhùn pé:

`E: dpkg was interrupted, you must manually run 'dpkg --configure -a' to correct the problem.`

Mo tẹ ohun tó ní kí n tẹ̀, mo tún initramfs (fáìlì tí kernel nílò láti fi tàn) ṣe, ó parí. Ohun tó gbà mí lọ́jọ́ náà ni kernel àtijọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti fẹ́ fọwọ́ pa gbogbo wọn rẹ́ torí pé `/boot`, ibi tí wọ́n ń gbé, ti ń kún. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, disk ni mi ò bá máa tún gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà, àbúrò mi, má pa kernel tó o mọ̀ pé ó ń tàn rẹ́ títí tuntun yóò fi tàn níṣojú ẹnìkan, tí á sì lo ọjọ́ mélòó kan.

* * *

Ẹni tó béèrè bi mí pé báwo ni òun ṣe máa ya fífà wálẹ̀ àti títò sílé sọ́tọ̀. Kò le.

Lálẹ́: `apt-get update`, lẹ́yìn náà `apt-get -y --download-only dist-upgrade`. Gbogbo package yóò wá jókòó sí `/var/cache/apt/archives`, wọn ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà. Tí ìsopọ̀ bá já lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò sóhun tó bàjẹ́, apt yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ní ojúmọmọ, nígbà tí ẹnìkan wà níbẹ̀, tí iná wà: `apt-get --no-download dist-upgrade`. Ohun tó wà nílẹ̀ nìkan ló máa lò. Iṣẹ́ tó ń ná ọ ní wákàtí mẹ́ta lórí ìsopọ̀ tí kò dúró ire á wá di ìṣẹ́jú díẹ̀, àlàfo tí iná fi lè lọ mọ́ ọ lọ́wọ́ á sì kéré.

Kó o tó fa nǹkan kan wálẹ̀, wo àyè: `df -h /var /boot`. Tún tẹ `df -i /var`, torí pé dísíìkì lè ṣì ní gígábáìtì tó pọ̀ kí inode (àyè tó fi ń ka fáìlì kọ̀ọ̀kan) sì ti tán, package á wá dá dúró ní àárín ọ̀nà. Mo ti rí i lórí kọ̀ǹpútà tí fáìlì kéékèèké kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

* * *

Ẹnìkan láti Àjàṣẹ́ ní: «Ẹ ń sọ̀rọ̀ fífà wálẹ̀ bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà nílé ẹ̀kọ́ wa, forfait (data íntánẹ́ẹ̀tì) kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ.»

O gbọ́n láti bèèrè. Má ṣe jẹ́ kí àwọn méjìlá fa ohun kan náà láti òkèèrè nígbà méjìlá. Fi apt-cacher-ng sórí ọ̀kan nínú wọn, port 3142 ló máa ń dúró sí, kí àwọn yòókù máa gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Package kan á wọlé lẹ́ẹ̀kan, á pín ara rẹ̀ nínú ilé.

Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sórí owó. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní apá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro láti Ivory Coast títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Benin. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú ilé nìkan lèèyàn lè fi ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, tí o ní láti gbé òmíràn kalẹ̀, cache yẹn, ohun tí apt-cacher-ng ti kó pamọ́, ni mirror rẹ, ibi tí wàá ti gba package.

Debian náà mọ̀ pé kò yẹ kí gbogbo ayé kan ilẹ̀kùn kan náà ní wákàtí kan náà. `apt-daily.timer` tí wọ́n fi sínú rẹ̀, aago tó ń jí apt lójoojúmọ́, ní ìdádúró tí kò lójú, tó lè gùn tó wákàtí 12, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lè jí ní àkókò tirẹ̀.

* * *

Bàbá wa kan ní Ṣábẹ̀, tí wọ́n ti wà nídìí UNIX (ìdílé tí Linux ti jáde) kí púpọ̀ nínú wa tó mọ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ pé tmux ti yanjú gbogbo èyí. Kéèyàn tẹ tmux, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀, bí SSH bá já, iṣẹ́ ń lọ.

Bàbá, apá kan ni mo gbà. Bí okùn SSH bá já, tmux gbà ọ́, torí pé láìsí i, àmì SIGHUP (pé ìsopọ̀ ti já) lè pa dpkg, tó ń tú package tó sì ń tò ó sílé, ní àárín iṣẹ́. Àmọ́ tmux kò ní batiri nínú. Ìsopọ̀ àti iná jẹ́ ìṣòro méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbi tí a wà yìí méjèèjì sì máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí Ansible ṣe é, `async` ni ẹ máa fi gbé iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà ọ̀hún lọ́wọ́, kí ẹ padà wá bèèrè bó ti rí.

Ẹ̀yin tó ń lo FreeBSD (ọmọ UNIX mìíràn) lórí ZFS (ọ̀nà tó fi ń to fáìlì sórí dísíìkì), iṣẹ́ yín rọrùn ju tiwa lọ: ẹ fi `bectl create` ṣe ẹ̀dà bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá dà rú, ẹ padà sínú èyí tí ẹ dá sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: «Ẹ̀gbọ́n, Ansible máa ń ṣe márùn-ún márùn-ún fúnra rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé mo ti ń rán an díẹ̀díẹ̀ nìyẹn?»

Rárá o, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú. Márùn-ún tó o rí yẹn, `forks` ni. Ohun tó ń sọ ni iye ọwọ́ tí Ansible fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Márùn-ún àkọ́kọ́ lè bàjẹ́, yóò yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì mú márùn-ún tó tẹ̀ lé e, títí ogójì fi tán. Kò ní dúró bi ọ́ pé ṣé kí òun máa lọ.

`serial` lo fẹ́. Kọ ọ́ pé 1, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà àwọn yòókù, kó o sì fi `max_fail_percentage: 0` tì í, kó lè jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá kọ̀, gbogbo rẹ̀ dúró. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Kí ẹyọ àkọ́kọ́ sì jẹ́ èyí tó wà níbi tí ìwọ fúnra rẹ wà, tó o lè fọwọ́ kàn. Má fi ti Ṣábẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ torí pé «wọn kì í lò ó púpọ̀». Èyí tó jìnnà jù ló yẹ kó kẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, fáìlì kan ṣoṣo láti CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, dá Windows tó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ dúró káàkiri ayé. UNIX kọ́, mo mọ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé wọ́n rán an sí gbogbo wọn pa pọ̀, nígbà tí wọ́n sì fà á padà lẹ́yìn wákàtí kan lé díẹ̀, àwọn tó ti gbà á kò lè tàn mọ́ láti gba àtúnṣe. Èèyàn ló ní láti rìn dé ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

* * *

Kékeré kan láti Ṣábẹ̀: «apt ń sọ fún mi pé fáìlì Release (àkójọ package tí Debian lu òǹtẹ̀ sí) `is not valid yet`, pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Mo ti fẹ́ fi `Acquire::Check-Date=false` pa á lẹ́nu mọ́.»

Má pa á lẹ́nu mọ́. Wo aago kọ̀ǹpútà yẹn. Ó dá mi lójú pé yóò máa sọ ọdún mìíràn fún ọ. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó wà lórí motherboard ló ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni aago ń padà sẹ́yìn. Ra òmíràn, pààrọ̀ rẹ̀, kí NTP máa tún aago ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láìsí aago tó péye, kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ òǹtẹ̀ tuntun yàtọ̀ sí ti àná.

* * *

Èmi náà fẹ́ padà sórí òǹtẹ̀, torí pé ó wà nínú ìbéèrè àkọ́kọ́: «Debian ló fọwọ́ sí i.»

Ìwọ tó jẹ́ ọmọ Kétu mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín. Oníbodè lè mọ ẹni tó ń wọlé, àti ibi tó ti wá. Ohun tó di sínú ẹrù rẹ̀, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òǹtẹ̀ GPG ń sọ fún ọ pé package yìí ti ọ̀dọ̀ Debian wá, pé kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sọ pé ó dára.

Ní 2006, wọ́n ṣe àtúnṣe kan sí OpenSSL (ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀) ti Debian tó mú kí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣe jáde rọrùn láti mọ̀. Luciano Bello ló rí i, ó sì di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní 2008. Fún nǹkan bí ọdún méjì, package tó ní òǹtẹ̀ tó péye ni. Ní oṣù Kìíní 2019, Max Justicz fi hàn pé apt fúnra rẹ̀ ní àlèébù, CVE-2019-3462, tí ẹni tó bá dúró sí àárín ọ̀nà lè fi ti package tirẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund rí i pé SSH ń falẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó wádìí rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú xz (ètò tó ń fún fáìlì pọ̀) 5.6.0 àti 5.6.1. Ó ti wọ inú Debian testing àti unstable, ibi tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò. Kò tíì dé stable, èyí tí wọ́n ti dán wò tán.

Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ xz yìí, wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹ jẹ́ ká máa dúró oṣù kan kí a tó gba ohunkóhun. Mi ò gbà. Àtúnṣe ààbò ti stable, kí kọ̀ǹpútà ìdánwò gbà á lọ́jọ́ tó jáde, kí àwọn yòókù gbà á láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. LibreOffice tuntun lè dúró ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó máa gba LibreOffice wọlé jí nǹkan lálẹ́ òní. Ṣé o rí i pé ọ̀gá rẹ kó ohun méjì tí ìkánjú wọn kò dọ́gba sínú àpò kan? Ya wọ́n.

* * *

Ẹnìkan ní package tí òun fúnra òun ṣe ni òun ń rán, ìyẹn kò nílò gbogbo àlàyé yìí torí pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Tìrẹ ló bà mí lẹ́rù jù! Àwọn ti Debian, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti lò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tìrẹ, ìwọ nìkan. `postinst` tó wà nínú rẹ̀, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí package bá wọlé, root (ẹni tó ní gbogbo agbára lórí kọ̀ǹpútà) ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo ti ka `postinst` kan tó ní `rm -rf "$DIR"/*` nínú, ìyẹn ni pé kó pa gbogbo ohun tó wà nínú `DIR` rẹ́, tí a sì ń gba `DIR` láti inú fáìlì conf, tí ìtò package máa ń wà. Lórí kọ̀ǹpútà tí fáìlì conf náà kò sí, `DIR` ṣófo. Ẹ ka àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i láìsí `DIR`, kí ẹ wo ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́: `/`, ìdí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. `set -eu` lókè ìwé ni ìbá dá a dúró. Kọ́kọ́rọ́ tó o fi ń lu òǹtẹ̀ sí package rẹ náà, má gbé e sórí sáfà tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá jí i ti di ìwọ lójú gbogbo kọ̀ǹpútà ogójì.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan kù tí wọ́n ń jà lé lórí: bí package bá béèrè ìbéèrè ńkọ́? Fáìlì conf ti yí padà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi tìrẹ sílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò sẹ́ni níwájú rẹ̀, ó lè dúró de ìdáhùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó sì di lock mú, tí apt mìíràn kò fi ní lè ṣiṣẹ́. Apt nínú Ansible ti ń fi `force-confdef` àti `force-confold` dáhùn fún ọ, ìyẹn ni pé tìrẹ ló dúró. Èyí dára fún sshd, tó ń gba SSH wọlé, torí pé bí sshd bá gba conf tuntun tí kò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ, o ti tìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ síta nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, wá àwọn tó fi sílẹ̀: `find /etc -name '*.dpkg-dist' -o -name '*.ucf-dist'`. Kà wọ́n. Nígbà mìíràn, inú conf tuntun yẹn ni àtúnṣe ààbò wà.

Ní ti sshd fúnra rẹ̀: ojú SSH méjì ni kó o ṣí, kí ọ̀kan wà ní ṣíṣí nígbà tó o bá ń fi èkejì dán an wò. `sshd -t` kó o tó tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ firewall lò ń yí, fi `at` pa àṣẹ pé kó padà sí ti àtijọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó o bá ṣì lè wọlé, fagi lé e.

Ẹni tó ní «bó bá bàjẹ́, mo máa dá ẹ̀yà àtijọ́ padà», Debian kò ṣèlérí pé pípadà sẹ́yìn á ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀yà tuntun bá ti yí ìtò database padà, ti àtijọ́ kò ní lè kà á. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni kó o ṣe ṣáájú, kó o sì gbìyànjú láti dá a padà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kó o tó gbà pé o ní i.

* * *

Láti Kétu, ọjọ́rú

Ẹ̀gbọ́n, mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó gbà kí LibreOffice dúró. Àtúnṣe ààbò nìkan ni mo rán. Ẹyọ kan lọ́jọ́ Ajé, ó dára. Márùn-ún lánàá ní aago mẹ́wàá àárọ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀. Mẹ́rin parí, ìkarùn-ún kọ̀, Ansible sì dúró lóòótọ́. `/boot` rẹ̀ ló kún. Kernel mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n mú ti Ṣábẹ̀ mọ́ ọn lọ́la?

* * *

Má tíì mú ti Ṣábẹ̀. Fi kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti ẹyọ kan tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ lórí èyí tó kọ̀ yẹn, yọ àwọn àtijọ́ yòókù, `dpkg --configure -a`, tún un tàn kó o fi ojú rí i. Lẹ́yìn náà, tẹ `df -h /boot` sórí gbogbo ogójì lónìí, kíkà lásán ni, kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tó kún lórí kan, ó lè kún lórí mẹ́wàá torí pé ọwọ́ kan náà ló tò wọ́n.

Ní ti Ṣábẹ̀, jẹ́ kí wọ́n fa tiwọn wálẹ̀ lálẹ́ òní. Pe ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, bi í ọjọ́ tí kò ní lọ sóko, kó sì yọ onduleur kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún níṣojú rẹ lórí fóònù, ká mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbé kọ̀ǹpútà dúró. Ọjọ́ tó bá dá fún ọ ni kó o rán an.